Àwo Orin àti Ilé Tí Ń Mì

Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀dá ní, bóyá ni a rí èyí tí ó tètè ń parẹ́ bí ohùn. Ẹni tí ó kọ́ ilé, bí ó bá kú, ilé rẹ̀ yóò dúró. Ẹni tí ó gbin obì, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò ká a. Ṣùgbọ́n olóhùn iyọ̀, bí ó bá ti pa ẹnu dé, ohùn rẹ̀ ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ìyanu fún aráyé nígbà tí Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ kan ní ọdún 1877 tí ó lè gba ohùn ènìyàn pamọ́, kí ó sì tún un sọ jáde. Ní 1887 ni Emile Berliner gbé irú tirẹ̀ kalẹ̀, èyí tí ń lo àwo pẹlẹbẹ. Láti ìdí àwo Berliner yìí ni gbogbo àwo orin tí ó wà nínú ilé àwọn ènìyàn ti ṣẹ̀. Ní 1948, ilé-iṣẹ́ Columbia ní Amẹ́ríkà mú àwo kan jáde tí ń yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Orin ojú kan rẹ̀ lè gba ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú àwo bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́jú ohùn àwọn àgbà olórin. Yusuf Ọlátúnjí onísákárà kú ní 1978. Àyìnlá Ọmọwúrà kú ní 1980. Haruna Ìṣọ̀lá, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin àpàlà, kú ní 1983. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbé àwo ọ̀kan nínú wọn lé orí ẹ̀rọ yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé ó jókòó tì í. Bí àwo náà bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò lè jí olórin náà pé kí ó wá tún orin rẹ̀ kọ. Nítorí náà, ẹni tí àwo àtijọ́ wà nílé rẹ̀ kò ní ohun ìṣeré lásán. Ogún ìdílé ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀tá àwo pọ̀: eruku ń bẹ, oòrùn ń bẹ, ọwọ́ tí epo wà lára rẹ̀ ń bẹ. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan tún wà tí ojú kì í sábà rí, tí ọ̀pọ̀ kì í sì í kà sí. Ìgbọ̀nrìrì ilé ni.

Kí a tó lè mọ bí ìgbọ̀nrìrì ṣe ń ba àwo jẹ́, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ ń ṣe. Bí ènìyàn bá gbé ojú àwo sí ìmọ́lẹ̀, yóò rí ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín tí ó yí i po. Ó dà bí ẹni pé ìlà náà pọ̀ lọ súà, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, ó sì ń yí lọ títí ó fi dé itòsí àárín. Ìlà yìí rí bí poro tí ó wà láàárín ebè méjì nínú oko: ó ní ìsàlẹ̀, ó sì ní ògiri lọ́tùn-ún àti lósì. Bí orin ojú kan bá gba ìṣẹ́jú 20, tí a sì lè tú poro náà nà bí okùn, yóò gùn tó nǹkan bíi mítà 400. Síbẹ̀, kò fẹ̀ tó irun orí kan. Ara ògiri poro yìí ni orin wà. Gbogbo ìlù, gbogbo ohùn àti gbogbo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ó ti di págunpàgun wẹ́ẹ́wẹ́ lára rẹ̀, òmíràn nínú wọn kò sì tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà.

Nígbà tí àwo bá ń yí, ṣóńṣó abẹ́rẹ́ a wọ inú poro náà, págunpàgun yẹn a sì máa tì í sọ́tùn-ún, a máa tì í sósì. Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà ní orí abẹ́rẹ́ a sọ mímì yìí di iná mọ̀nàmọ́ná tí kò lágbára. Ẹ̀rọ mìíràn a sọ iná kékeré náà di ńlá. Sípíkà a sì sọ ọ́ di ohùn. Ó hàn gbangba nígbà náà pé abẹ́rẹ́ kò mọ orin. Mímì nìkan ni ó mọ̀. Bí ìlù gángan tí ó wà lára poro bá mì ín, yóò sọ ọ́. Bí ẹsẹ̀ ọmọ tí ń sáré kọjá nínú iyàrá bá mì ín, yóò sọ ìyẹn náà. Kò ní ọgbọ́n tí yóò fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èyí ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tí ó bá sì dì í mú kò ní í ṣìnà nínú ìtọ́jú àwo rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo mímì ni ó léwu. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn méjì kan tí wọ́n wà lórí odò ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan mú kèrègbè omi lọ́wọ́, ó ń bù ú sínú ife tí èkejì mú dání. Bí àwọn méjèèjì bá wà nínú ọkọ̀ kan náà, ìgbì tí ó gbé ọ̀kan sókè ni yóò gbé èkejì. Omi yóò sì máa bọ́ sínú ife. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dúró sí èbúté, tí èkejì wà nínú ọkọ̀ tí ìgbì ń gbé sókè sódò, ilẹ̀ ni yóò mu omi náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti abẹ́rẹ́ àti àwo. Bí àwọn méjèèjì bá mì pọ̀ ní ọgbọọgba, abẹ́rẹ́ kò ní í mọ ohun kan. Ìgbà tí ọ̀kan bá mì tí èkejì kò mì, tàbí tí ọ̀kan bá mì ju èkejì lọ, ni ìjàngbọ̀n dé.

Ìjàngbọ̀n náà sì pọ̀ jù nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè wọn jẹ́ pákó, irú èyí tí a ṣì ń rí ní Èkó, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti ní àwọn ìlú mìíràn. Àwọn tí ó kọ́ wọn dábùú igi ńlá láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì kan pákó lé e lórí. Igi tí ó bá gùn a máa tẹ̀ díẹ̀ bí ènìyàn bá tẹ àárín rẹ̀, a sì tún máa ta padà. Ẹni tí ń rìn ní ìrìn ara rẹ̀ ń gbé ẹsẹ̀ bí ìgbà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹsẹ̀ bá bọ́ lulẹ̀, pákó a mì, tábìlì orí pákó a mì, ẹ̀rọ orí tábìlì a sì mì. Bẹ́ẹ̀ ni apá tí ń gbé abẹ́rẹ́ náà ní iye ìgbà tí ó fẹ́ràn láti máa mì, èyí tí ó sábà ń jẹ́ ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pákó ilé a sì máa mì nígbà mìíràn ní iye tí kò jìnnà sí èyí.

Ìdí tí èyí fi burú kò ṣòro láti rí. Nígbà tí àwọn ọmọdé bá so okùn mọ́ ẹ̀ka igi tí wọ́n ń fì lórí rẹ̀, ọmọ kékeré lè fi ìka kan ti àgbàlagbà, kí àgbàlagbà náà sì máa fì lọ sókè réré, bí ọmọ náà bá ṣáà ti mọ àkókò tí ó yẹ kí ó máa tì í. Kì í ṣe agbára ni ó ṣe é, àkókò tí ó bá ara mu ni. Bákan náà, bí ilẹ̀ bá ń mì ní àkókò tí apá abẹ́rẹ́ fẹ́, ìmì kékeré a di ńlá lára rẹ̀. Etí kì í tilẹ̀ gbọ́ irú ìmì bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí kò bá mì tó ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í sábà di ohùn létí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo ojú sípíkà dáadáa lè rí i tí ó ń wọlé tí ó ń jáde láìsí ìró. Nígbà tí ó bá yá, abẹ́rẹ́ a fò kúrò nínú poro rẹ̀, a já bọ́ sínú òmíràn, ògiri ibi tí ó bọ́ sí a sì fara gbọgbẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ojú ọgbẹ́ yẹn a máa ta “pá” ní gbogbo ìgbà tí àwo bá yí dé ibẹ̀, èyíinì ni ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 1.8. Orin tí ó dára a wá dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tí òsúkè ń dà láàmú.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń fò báyìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n mú owó ẹyọ, kí wọ́n fi lé orí apá ẹ̀rọ, kí ó lè tẹ abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Lóòótọ́, fífò náà lè dín kù. Ṣùgbọ́n ìwòsàn yìí burú ju àrùn lọ. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ òde òní ni wọ́n ṣe láti fi ìwọ̀n gíráàmù 1.5 sí 3 tẹ àwo. Owó ẹyọ kan ṣoṣo lè wúwo ju gbogbo ìwọ̀n yẹn lọ. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n díẹ̀ fi ń di ẹrù ńlá lórí ibi bíńtín tí ó fara kàn. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wá ń gbẹ́ ògiri poro bí ọkọ́ ti ń gbẹ́ ilẹ̀, a ti fi ọwọ́ ara wa pa orin tí a fẹ́ gbọ́. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwọ̀n tí ẹni tí ó ṣe abẹ́rẹ́ bá sọ ni kí a fún un. Kí a má ṣe dín in, kí a má sì ṣe fi kún un.

Kí a lé akátá jìnnà ná, kí a tó wá bá adìẹ wí. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ìgbọ̀nrìrì ti ń wá, nítorí oríṣiríṣi ni ó jẹ́. Èkíní ni ẹsẹ̀ àwọn ará ilé, àti ilẹ̀kùn tí a pa dé gbàù. Ìmì wọn tóbi, kò sì yá. Èkejì ni sípíkà fúnra rẹ̀. Ìmì tirẹ̀ kéré, ó sì yá púpọ̀. Bí sípíkà bá wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ, ohùn tí ó ń sọ yóò mi tábìlì, tábìlì yóò mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ yóò tún dá a padà fún sípíkà, yóò sì máa yí po bẹ́ẹ̀ títí ilé yóò fi kún fún híhu bíi ti akọ màlúù. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó wà lóde: ẹ̀rọ amúnáwá tí ń kù lẹ́yìn ilé, ọlọ ẹ̀rọ aládùúgbò, àti ọkọ̀ ẹrù tí ń kọjá lójú títì.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò gba owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ni ó ń mi ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó bu omi sínú abọ́, kí ó gbé e sórí tábìlì náà nígbà tí ẹ̀rọ kò sí níbẹ̀, kí ó sì ní kí ẹnì kan rìn kọjá. Bí ojú omi bá ń ṣẹ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, ọ̀ràn ti hàn. Kí ó wá gbé abọ́ náà kiri inú iyàrá, ní àárín, lẹ́bàá ògiri àti ní igun ilé. Ibi tí omi bá ti dákẹ́ jù lọ ni ibi tí ẹ̀rọ yóò ti rí ìsinmi.

Fún ìgbọ̀nrìrì ti sípíkà, kí ó gbé àwo tí kò ṣọ̀wọ́n lé orí ẹ̀rọ láìjẹ́ kí ẹ̀rọ yí, kí ó rọra gbé abẹ́rẹ́ lé orí àwo tí ó dúró jẹ́ẹ́ náà, kí ó sì ṣí ohùn díẹ̀díẹ̀ dé ìwọ̀n tí ó máa ń lò. Bí ó bá fi ìka kan tábìlì, tí sípíkà sì dáhùn “gbì”, ó ti mọ̀ pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ láti ara tábìlì dé ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́. Bí ó bá gbọ́ híhu tí ń pọ̀ sí i, kí ó tètè pa ohùn náà rẹ́, kí ó má ba sípíkà jẹ́.

Nígbà tí a bá ti mọ orísun, ìwòsàn kù. Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀lẹ̀lẹ̀ jẹ. Ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe. Kí a gbé ẹ̀rọ kúrò ní àárín iyàrá lọ sí ẹ̀bá ògiri, ní ibi tí àwọn igi ìdábùú ti wọ inú ògiri. Gbogbo ẹni tí ó ti gba orí pákó kọjá gọ́tà mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá tẹ àárín pákó, pákó a tẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí orí pákó ti sinmi lé ilẹ̀, ó le gírígírí. Lẹ́yìn èyí, kí a gbé sípíkà kúrò lórí tábìlì tí ẹ̀rọ wà, kí a sì jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn. Kí a wo ẹsẹ̀ tábìlì bóyá ó ń yẹ̀. Tábìlì tí ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ kò lè gbé ẹ̀rọ tí yóò dúró. Kí a sì rí i pé ojú ibi tí ẹ̀rọ wà tẹ́jú dọ́gba, kí abẹ́rẹ́ má baà máa yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun èlò tí àwọn bíríkìlà fi ń wo bí ilé ṣe dọ́gba tó fún iṣẹ́ yìí.

Bí gbogbo èyí kò bá tó, ọ̀nà tí ó dájú jù nínú ilé onípákó ni pẹpẹ ara ògiri. Ògiri kì í tẹ̀ bí a ti ń rìn lórí pákó. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí ó bá wà lórí pẹpẹ tí a kàn mọ́ ògiri líle ti bọ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀ dé àyè tí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ògiri ọ̀hún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ń gbé ilé ró, tí ó nípọn, tí ó ti ìsàlẹ̀ wá. Kì í ṣe pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi pín iyàrá sí méjì, nítorí òun náà ń mì, ó tilẹ̀ lè máa gba ohùn sípíkà bí awọ ìlù. Káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó kan irin tí yóò gbé pẹpẹ náà, kí ó sì fi ẹrù tí ó wúwo ju ẹ̀rọ lọ dán an wò, kí a tó gbé ẹ̀rọ lé e.

Ọ̀nà mìíràn ni kí a mú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ le. Bí ilé bá jẹ́ ti onílé, káfíńtà lè fi igi há àárín àwọn igi ìdábùú, kí ọ̀kan má baà máa dá tẹ̀. Ó sì lè gbé òpó kan dúró nísàlẹ̀, ní ọ̀gangan ibi tí ẹ̀rọ wà. Igi tí ó gùn ní mítà 4, bí òpó bá ti gbé e ní àárín, ti di igi méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 2. Igi kúkúrú kì í sì í tẹ̀ bí igi gígùn. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kàn gé igi tàbí kí a gbé òpó sí ibikíbi láìfi lọ ẹni tí ó mọ̀ nípa ilé kíkọ́. Àwo orin kò níyelórí tó ẹ̀mí ènìyàn.

Ní ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mì bí ènìyàn bá ń rìn; ìgbọ̀nrìrì sípíkà ni ó kù láti bá jà. Níbẹ̀ ni ohun wíwúwo àti ohun rírọ̀ ti ń wúlò. Ohun wíwúwo kì í tètè mì: òkúta kọnkéré tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 níbùú, 40 lóròó, tí ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, yóò wúwo tó nǹkan bíi kìlógírámù 19, ohùn sípíkà kò sì lè tì í bí ó ti ń ti pákó. Ohun rírọ̀ ní tirẹ̀ ń gé ọ̀nà tí ìmì ń gbà. Àwọn kan a máa tẹ́ rọ́bà sábẹ́ òkúta náà. Àwọn mìíràn a fi tíúbù kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fún ní atẹ́gùn díẹ̀ sí i, wọn a sì gbé ẹ̀rọ lé òkúta lórí.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n gbọ́ pé ohun rírọ̀ dára, wọ́n sì lọ tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ̀rọ tí ó wà lórí pákó tí ń mì. Dípò kí ara tu ẹ̀rọ, ńṣe ni ó túbọ̀ ń jó. Ìdí rẹ̀ rèé. Bí sípíríǹgì bá tẹ̀ wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 lábẹ́ ẹrù tí a gbé lé e, ẹrù náà yóò fẹ́ láti máa mì ní nǹkan bí ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìmì tí ó bá yá ju èyí lọ dáadáa, bíi ti ohùn sípíkà, kò ní í rí ọ̀nà gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ìmì tí kò yá tó o, bíi ti ẹsẹ̀ tí ń bọ́ lulẹ̀ ní ìgbà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá, yóò kọjá gaara. Èyí tí ó bá sì súnmọ́ 5 yóò di ńlá, gẹ́gẹ́ bíi ti ọmọ tí ń ti ẹni tí ń fì lórí okùn. Kí sípíríǹgì tó lè gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹsẹ̀, ó ní láti tẹ̀ wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí ẹrù rẹ̀ lè máa mì ní ẹ̀ẹ̀kan péré ní ìṣẹ́jú àáyá. Ta ni yóò gbé ẹ̀rọ lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, kí a fi líle wo ẹsẹ̀, kí a sì fi rírọ̀ wo ohùn. Oògùn inú kọ́ ni oògùn ojú.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà ti wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1961, Edgar Villchur, tí òun àti Henry Kloss dá ilé-iṣẹ́ Acoustic Research sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1954, mú ẹ̀rọ kan jáde tí ó so ibi tí àwo ń jókòó àti apá abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ irin kan ṣoṣo, tí ó sì gbé irin náà ró lórí sípíríǹgì mẹ́ta. Ó fi àwọn méjèèjì sínú ọkọ̀ kan náà, kí wọn lè máa mì pọ̀ bí ìgbì bá dé. Ní ilẹ̀ Jàpáánù, ẹ̀rọ Technics SL-1200, tí ó jáde ní 1972, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1979, gba ọ̀nà mìíràn: ìpìlẹ̀ rẹ̀ wúwo, wọ́n sì lo rọ́bà láti pa ìgbọ̀nrìrì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó lè sọ ilẹ̀ tí ń mì di òkúta. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ olówó gọbọi tí ó sì gbé e sí àárín pákó rírọ̀ ti ra ẹṣin láìra ìjánu.

Àwọn ará ilé pẹ̀lú ní ipa tiwọn láti kó. Bàtà onígìgísẹ̀ lílé ń mi pákó ju ẹsẹ̀ lásán lọ. Ilẹ̀kùn tí a rọra tì kì í dẹ́rù ba abẹ́rẹ́. Bí ijó bá sì dé, nítorí orin àpàlà kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró, ìsàlẹ̀ ilé lórí sìmẹ́ńtì ni ó yẹ kí ẹ̀rọ àti àwọn oníjó wà.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì jù nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ gba orin láti ara àwo àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá balẹ̀ gbì nínú iyàrá kò ní í kọjá lọ bí ohùn ti ń kọjá lọ. Abẹ́rẹ́ yóò gbà á, kọ̀ǹpútà yóò sì pa á mọ́. Ẹni tí ó bá ń gbọ́ orin náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀ yóò máa gbọ́ ọ láàárín ohùn olórin àti ìlù rẹ̀. Kí ẹni náà fi àwo tí kò ṣọ̀wọ́n dán ẹ̀rọ wò ná. Kí ó wo omi inú abọ́. Kí ó rí i pé ilé dákẹ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó yọ àwo bàbá rẹ̀ jáde nínú páálí, kí ó gbé e lé ẹ̀rọ, kí ó sì rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìtumọ̀ gbólóhùn yìí nínú àkàyé: “abẹ́rẹ́ kò mọ orin”?
2. Kí ni ó fa á tí fífi owó ẹyọ lé orí apá ẹ̀rọ fi léwu fún àwo?
3. Sọ oríṣi ìgbọ̀nrìrì mẹ́ta tí ó lè dé bá ẹ̀rọ, kí o sì ṣàlàyé bí a ṣe lè mọ ti ẹsẹ̀ yàtọ̀ sí ti sípíkà.
4. Kí ni ìdí tí ohun rírọ̀ fi dára lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, tí kò sì dára lórí pákó tí ń mì?
5. Ṣàlàyé bí àpẹẹrẹ àwọn méjì tí wọ́n wà lórí odò ṣe bá iṣẹ́ Edgar Villchur mu.
6. Kọ àròkọ tí kò ju ojú ìwé méjì lọ lórí ohun kan nínú ilé yín tí ó yẹ kí a tọ́jú fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, kí o sì sọ bí o ṣe rò pé ó yẹ kí a tọ́jú rẹ̀.